Àwọn Olùṣọ́ Mẹ́tàdínlógún

Bí abiyamọ ṣe ń pọn ìkókó ni ọkùnrin náà ṣe pọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé kan tí òjò ti ń pa ìlú Busan láti ìdájí. Kò gbé e sẹ́yìn bí alábàárù. Ó pọ̀n ọ́n ni: aṣọ àlùkò kan tó nípọn bí tìmùtìmù ló fi dì í mọ́ ẹ̀yìn, ó fi ọ̀já gbọọrọ méjì gbá a láyà, ó ta kókó rẹ̀ síwájú, ó sì tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọrùn ọmọ ó yẹ̀. Omi ń ro tótó láti orí òun fúnra rẹ̀. Ara kọ̀ǹpútà gbẹ táútáú.

Obìnrin kan, Ok Haewon, gbé ojú sókè lẹ́yìn tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún keje rèé tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní àjà kẹta ilé ìtajà ẹ̀rọ yìí, àárẹ̀ sì ti di aṣọ àwọ̀sùn fún un: ó ń rẹ̀ ẹ́ kó tó jí, ó ń rẹ̀ ẹ́ bó bá ń lọ sùn. Ó ti rí kọ̀ǹpútà tí wọ́n da ọbẹ̀ núdù sí. Ó ti rí èyí tí ológbò bímọ sínú rẹ̀. Kò tíì rí èyí tí wọ́n pọ̀n.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà," ni ọkùnrin náà wí, ó sì kẹ̀yìn sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á lẹ́yìn. Ẹ rọra o."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Haewon kó tó mọ̀. "Bàbá Ìkókó, kí ló ń ṣe ọmọ?"

"Ó ń dákú, ó ń jí." Ẹnu ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó ti rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Bí mo bá wọ inú géèmù, gbogbo rẹ̀ á máa lọ geere. Àfi gbàgà! Á dúró. Kí n tó ṣẹ́jú, á tún máa lọ. Àmọ́ nígbà tó bá fi jí, wọ́n ti pa mí."

"Ta ló pa yín?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí."

Orúkọ rẹ̀ ni Pyo Muyeol. Iṣẹ́ pínpín ẹrù láti ojúlé dé ojúlé ló ń ṣe, ní àdúgbò orí òkè tí àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀ ju ilé rẹ̀ lọ. Àtẹ̀gùn ọgọ́jọ ó lé mẹ́jọ ló wà láàárín ilé tirẹ̀ àti títì. Bí èèyàn bá gbé kọ̀ǹpútà síwájú, ojú kò ní rí ibi tí ẹsẹ̀ yóò tẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀n ọ́n. Aṣọ yẹn kan náà ni ìyá rẹ̀ fi pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ohun kan ni mo fi bẹ̀ yín," ni ó wí, ó ń tú ọ̀já. "Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́ nínú rẹ̀. Bí màmá mi ṣe to àwọn nǹkan sójú rẹ̀ nìyẹn kí wọ́n tó kú."

Haewon mi orí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

*

Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá Mo, ẹni tó ni ín, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan dìsíìkì oníbàárà, ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú gbogbo nǹkan rẹ̀ sí. Ní ọdún kan rí, obìnrin kan ní wọ́n sọ àwòrán ìgbéyàwó òun nù, ó sì fi ariwo tú gbogbo àjà kẹta síta. Láti ìgbà náà, wọn a yọ dìsíìkì oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn a fi ti ṣọ́ọ̀bù rọ́pò rẹ̀, wọn a sì yẹ ara ẹ̀rọ wò. Bí ara bá dá, tí àìsàn kò sì lọ, ọ̀nà méjì péré ló kù: kí wọ́n fọ dìsíìkì náà mọ́ tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, tàbí kí wọ́n ta nǹkan tuntun. Wọ́n ní nítorí oníbàárà ni òfin náà fi wà. Ṣọ́ọ̀bù nìkan ló ń dáàbò bò.

Ọjọ́ méjì ni Haewon fi yẹ kọ̀ǹpútà Muyeol wò. Ó gbọn eruku inú rẹ̀, ó pààrọ̀ ìpara tó ń mú ọkàn ẹ̀rọ tutù, ó dán iná rẹ̀ wò, ó fi géèmù líle mẹ́ta gùn ún bí ẹṣin. Ìlà tó ń fi ìrìn géèmù hàn lọ gbọọrọ bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Kò fì, kò mì.

"Ara ọmọ yín dá ṣáṣá," ni ó sọ fún un.

Muyeol pọ̀n ọ́n lọ sílé. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó pọ̀n ọ́n padà.

"Ó tún dákú?"

"Ní kété tí mo gbé e dé ilé. Ẹnjiníà, mo rò pé ẹ̀yin ló fẹ́ràn. Tó bá rí yín, ara rẹ̀ á yá."

"Ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kí n máa tọ́ ọ."

"Ta ni màá wá máa pọ̀n?" ni ó dáhùn. Ó gbé ẹja lílọ̀ tí wọ́n fi igi gún kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tòun ti omi ọbẹ̀ gbígbóná nínú ife bébà, àwọn méjèèjì sì jẹ ẹ́ lórí ìdúró, tábìlì iṣẹ́ láàárín wọn.

Báyìí ni ó ń lọ tó ń bọ̀. Òjò dá, oòrùn dé, ìgbóná mú àjà kẹta bí inú ààrò, Muyeol kò sì yé pọn ọmọ rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fúyẹ́. Haewon kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọjọ́ Ajé nìkan ni òun ń fi òróró pa ọwọ́ òun tí iná ìjówáyà, irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà pọ̀, ti jó lójú mẹ́fà. Kò tilẹ̀ sọ fún ara rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó bi í léèrè. "Bàbá Ìkókó, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló dé tí ẹ ń fi ìyókù agbára yín pọn kọ̀ǹpútà nítorí géèmù? Ẹlòmíràn ì bá ti jáwọ́."

Muyeol mú ọ̀já lọ́wọ́. Ó ń fi ìka ká ọ̀já mọ́ra, ó ń tú u.

"Bàbá mi wà ní erékùṣù Geoje," ni ó wí. "Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti fi ọgbọ̀n ọdún jó irin. Ariwo ibẹ̀ ti gba etí wọn. A ò lè sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ká tó sin màmá gan-an, a kì í sọ̀rọ̀. Màmá ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ tèmi lọ, táá gbé tiwọn bọ̀. Nígbà tí màmá kú, kò sí agbọ̀rọ̀sọ mọ́. Ni mo bá kọ́ bàbá ní géèmù yìí. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, èmi àti wọn la jọ ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú kan. Wọ́n á gbé asà, èmi á gbé ọrun. Wọ́n á kọ ọ́ pé, 'Mo dé.' Tó bá parí, wọ́n á kọ ọ́ pé, 'Ó dàbọ̀.' Ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù láàárín wa."

"Wọ́n sì ń rí i pé ẹ ń dúró."

"Tí ogun bá dé, màá gan pa. Wọ́n rò pé wọ́n ti sú mi ni. Mo ṣàlàyé pé kọ̀ǹpútà ni. Wọ́n ní bí mo ṣe máa ń sọ fún màmá nìyẹn, pé ọkọ̀ ló bàjẹ́, nígbà tí mi ò bá fẹ́ wá sílé." Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé eyín. "Wọn ò parọ́. Bí mo ṣe máa ń sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, wọ́n kọ ọ́ pé, 'Bó bá sú ọ, má wá mọ́.'"

Haewon wo irin tó wà níwájú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún púpọ̀, inú bí i sí àìsàn ẹ̀rọ bí inú ṣe ń bí èèyàn sí àìsàn ènìyàn.

*

Ọjọ́ ìsinmi Haewon ni ọjọ́ kejì. Muyeol ń gbé ẹrù kọjá ní ìsàlẹ̀ ilé ìtajà náà, ó sì gòkè wá láti béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọ̀gá Mo nìkan ló bá.

"Àṣé ẹ̀yin ni!" ni Ọ̀gá Mo wí. "Ẹnjiníà Ok ti rí i. Káàdì tó ń gbé àwòrán géèmù jáde nínú kọ̀ǹpútà yín ló ti gbó. Òun ló ní kí n fún yín ní tuntun yìí."

Ká ní ẹnu ọ̀gá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, Muyeol ì bá bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n Ẹnjiníà Ok ló sọ ọ́. Ó rà á.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kò pọn nǹkan kan. Ó wọlé pẹ̀lú páálí káàdì náà lọ́wọ́, ó sì gbé e sórí tábìlì Haewon jẹ́jẹ́.

"Mo fi sí i, ọmọ ṣì ń dákú. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ tajà," ni ó wí. "Mi ò bínú. Kí ẹ kàn ti sọ fún mi pé ọjà lẹ fẹ́ tà, màá rà á nítorí yín. Ẹ̀ bá má ti sọ pé ọmọ á jí."

Ó yí padà, ó ń lọ. Haewon ṣí páálí, ó rí ohun tó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbé páálí náà tọ Ọ̀gá Mo lọ.

"Ọ̀gá, ta ló ní kí ẹ tà á fún un?"

Ọ̀gá Mo kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Ìwọ ni. Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń tún un ṣe?"

"Mo kọ ọ́ sínú ìwé gàdàgbà pé nǹkan kan ò ṣe káàdì rẹ̀."

"Haewon, ọkùnrin yẹn ń wá ìrètí. Mo ta ìrètí fún un."

"Ẹ fi orúkọ mi tà á!"

"Orúkọ ẹ ló gbàgbọ́. Ṣé kí n fi tèmi tà á ni?"

Ohun tó dun Haewon jù ni pé ọ̀gá kò mọ̀ pé òun sọ ohun burúkú. Ọdún méje ló ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ kọ́ orúkọ, ẹlòmíràn sì ti ń tà á lórí àtẹ. Ó tú aṣọ iṣẹ́ kúrò lára, ó ká a, ó gbé e lé orí páálí náà.

"Ẹ dá owó rẹ̀ padà fún un lónìí, Ọ̀gá. Kí ẹ sì wá ẹlòmíràn tí ẹ ó máa fi orúkọ rẹ̀ ṣòwò."

Ó bá Muyeol ní àárín àtẹ̀gùn àjà kejì.

"Ẹ dúró. Mi ò mọ̀ nípa káàdì yẹn. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n fi tàn yín jẹ, mi ò sì ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀."

Muyeol rí i pé kò wọ aṣọ iṣẹ́ mọ́. "Ẹnjiníà, kí lẹ ṣe?"

"Mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ mí." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ fún mi láyè kan sí i. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n wá wò ó nílé yín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi ń yẹ ara rẹ̀ wò, mi ò wo inú dìsíìkì rẹ̀ rí. Òfin ọ̀gá ni mo ń tẹ̀ lé. Kò sí òfin lọ́rùn mi mọ́."

*

Haewon ka àtẹ̀gùn náà. Ọgọ́jọ ó lé mẹ́jọ ni lóòótọ́. Nígbà tó dé òkè, kò lè sọ̀rọ̀. Muyeol gbé tíì ọkà báálì tútù fún un lẹ́nu ọ̀nà kó tó bọ́ bàtà.

"Ẹ kú ìgòkè. Ká ní mo mọ̀, ǹ bá wá pọ̀n yín."

"Ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́. Níbo ni aláìsàn wà?"

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú tábìlì kékeré. Ó tan kọ̀ǹpútà, ó sì rí ohun tí Muyeol ń dáàbò bò: àwọn àmì róbótó-róbótó tí obìnrin kan ti fi sùúrù tò yí ojú kọ̀ǹpútà ká bí òdòdó etí àwo, tí ó fi àárín sílẹ̀ kí àwòrán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lè hàn. Haewon kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn.

Ó ṣí géèmù, ó ṣí ìlà. Ìlà tó gùn bí okùn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ti hu eyín bí òòyà.

"Ẹ wò ó," ni ó wí, ó sì fi ìka tọ́ka. "Láti eyín kan dé ìkejì, ogún ìṣẹ́jú àáyá ni. Àtèyí àtèyí. Àìsàn kì í wo aago, Bàbá Ìkókó. Òṣìṣẹ́ ló ń wo aago. Ẹnì kan ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yín."

Ó wo orúkọ gbogbo ohun tó ń rìn lábẹ́lẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ètò ààbò báńkì. Ètò ààbò báńkì kejì. Ti adójútòfò. Ti ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì. Ti ọ́fíìsì àdúgbò, mẹ́ta. Ti ilé ìwòsàn, àtàwọn mìíràn. Olùṣọ́ ni gbogbo wọn ń pe ara wọn.

"Ìgbà wo lẹ fi àwọn wọ̀nyí síbẹ̀?"

Muyeol kọ́kọ́ ń rò ó. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ọ̀sẹ̀ tí a sin màmá."

Òkú kì í tètè kú tán lójú àwọn oníwèé. Ní ọ̀sẹ̀ tí omijé kò tíì gbẹ, báńkì ní kí ọmọ olóògbé tó wọ ìkànnì àwọn, kó kọ́kọ́ gba olùṣọ́ tiwọn sílé; adójútòfò ní tiwọn nìkan ni àwọn mọ̀; ọ́fíìsì àdúgbò ní mẹ́ta kò pọ̀ jù. Gbogbo wọn ní nítorí olè ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ ọjọ́ tí yóò lọ. Olùṣọ́ tó ti ṣí ilẹ̀kùn tán, tó wá jókòó sí ìyẹ̀wù onílé, tó ń jí ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú àáyá láti jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, kí ni ìyàtọ̀ òun àti olè? Bẹ́ẹ̀, gbogbo ìlú ló gbà wọ́n. Haewon fúnra rẹ̀ ní mẹ́sàn-án nílé. Kò sẹ́ni tó ń lé wọn, torí ẹni tó bá lé wọn lónìí, wọn yóò tún fipá mú un gbà wọ́n lọ́la.

"Mo rò pé èmi ni," ni Muyeol wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Láti ìgbà tí màmá ti kú, èmi náà máa ń dúró gan lójú títì. Mo rò pé ó ràn mọ́ kọ̀ǹpútà ni."

"Kì í ṣe ẹ̀yin," ni Haewon wí. "Ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ti lù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn. Olùṣọ́ kọ̀ọ̀kan, bó bá jáde, a ní dandan ni kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n tún tàn án, ògbólógbòó dìsíìkì náà sì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jí. Kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ojú kọ̀ǹpútà dúdú, bí kò ṣe kí ó sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìkẹta ń jáde, Muyeol sọ bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀ fún ẹrù tó wúwo. Nígbà tí ìkẹfà ń jáde, Haewon sọ pé òun ti gbàgbé oúnjẹ tí òun fẹ́ràn. Muyeol dìde, ó gé èso píà sínú àwo, ó ní kó máa jẹ títí yóò fi rántí. Nígbà tí ìkọkànlá ń jáde, wọ́n ti fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ẹnjiníà, ọdún mélòó ni mo fi jù yín lọ?"

"Méjì."

"A ti jọ lé olùṣọ́ mọ́kànlá síta. Ṣé a ó ṣì máa 'ẹ' ara wa?"

"Ẹni tó dàgbà ló ń kọ́kọ́ jù ú sílẹ̀."

"Ó dáa. Haewon, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí wáyà."

"Ìwọ lo nawọ́ wáyà síbẹ̀," ni ó dáhùn, ojú sì tì í tó fi di píà kan mọ́ ẹnu.

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún kò fẹ́ lọ. Ó gbé ìwé kékeré kan síwájú wọn, ó sì fi orúkọ olóògbé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: *Ìyáàfin Do Sunrye, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ fẹ́ kí a dáwọ́ ààbò yín dúró?*

Ọwọ́ Muyeol dúró lórí máòsì. Ó gan pa, bí ó ti ń gan lójú ogun. Haewon kàn gbé ọwọ́ tirẹ̀ tí iná ti jó lé ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ tẹ̀ ẹ́.

Kò gbé ọwọ́ náà kúrò títí kọ̀ǹpútà fi jí.

*

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú méjìlá ni olùṣọ́ kẹtàdínlógún jáde. Ní aago mẹ́ta géérégé, ọ̀rọ̀ méjì hàn: *Mo dé.*

Ogun dé ẹnubodè. Muyeol ta ọfà, ọfà lọ. Ó sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ bí omi. Kò dúró lẹ́ẹ̀kan. Haewon wo ìlà: okùn aṣọ ni. Omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún kíákíá. Ìgbà náà ni ó rí ohun tí Muyeol kò rí. Alásà tó wà níwájú, bàbá, ń dúró. Yóò gbé asà, yóò gan, yóò tún jí. Haewon kà á sínú. Ogún. Ó tún kà á. Ogún.

"Muyeol. Ta ló bá bàbá ṣe ìwé ìsìnkú níbẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn."

"Wọ́n ń dákú. Wò wọ́n."

Muyeol wò. Ọdún kan tó kù díẹ̀ ni ó ti ń wo ìdúró yẹn, tó ń pè é ní ọjọ́ ogbó. Bàbá ń wo tirẹ̀, ó ń pè é ní ìkórìíra. Olùṣọ́ wà nílé àwọn méjèèjì, ẹnì kan kò sì mọ̀ pé ẹnì kejì ń kọsẹ̀. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́: *Bàbá, ṣé kọ̀ǹpútà yín ń dúró?* Ó pẹ́ kí ìdáhùn tó dé. *Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ojú mi ni.* Lẹ́yìn náà: *Ó dàbọ̀.*

"Alágídí," ni Muyeol wí.

"Èso kì í jìnnà sígi," ni Haewon dáhùn.

*

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni àyájọ́ ọjọ́ tí ìyá kú. Ní gbogbo oṣù náà, Haewon ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń lé olùṣọ́ jáde nínú kọ̀ǹpútà àwọn aráàlú, ìwé pélébé kan tó lẹ̀ mọ́ ògiri àtẹ̀gùn sì ni gbogbo ìpolówó rẹ̀. Ó ṣì ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ a máa sùn lálẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Muyeol.

Wọ́n kọjá afárá òkun lọ sí Geoje. Muyeol pọn kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dání. Ó ní òun àti bàbá kò jọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ṣọ́ ẹnubodè náà rí.

Pyo Sangcheol, bàbá Muyeol, dúró sí ẹnu ọ̀nà bí igi òpó. Ó wo obìnrin tó dúró lẹ́yìn ọmọ rẹ̀, tó ń tẹrí ba. Ojú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ọwọ́ Haewon.

"Iná wo nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ ròkè bíi ti gbogbo ẹni tí kò gbọ́ ara rẹ̀.

Haewon kò pariwo. Ó mú bébà, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Iná ìjówáyà, Bàbá.*

Ọkùnrin náà ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, àpá iná ìjórin tò bí ìràwọ̀. Ó gbé apá náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Haewon, ó wo méjèèjì, ó sì yà kúrò lọ́nà kí wọ́n wọlé.

Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú àwòrán ìyá, wọ́n foríbalẹ̀, wọ́n jẹun. Lẹ́yìn náà, Haewon jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà bàbá. Olùṣọ́ mọ́kànlá. Ó ń lé wọn, bàbá sì jókòó tì í, ó ń ka orúkọ ìkọ̀ọ̀kan bó ti ń jáde, ó ń jágbe mọ́ ọn bí ẹni ń lé ajá.

Ìkẹyìn jáde. Ojú kọ̀ǹpútà di dúdú. Muyeol, tó ti gbé ìkókó rẹ̀ sílẹ̀ tòun ti ọ̀já láti ìgbà tí wọ́n dé, tó sì ti ń tú kókó rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láì tú u tán, kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Haewon, mi ò ní ohun púpọ̀. Àtẹ̀gùn mi pọ̀ ju owó mi lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí nǹkan bá dúró gan láyé mi, ìwọ ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ nígbà tó bá máa jí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Haewon wo ojú kọ̀ǹpútà dúdú náà. "Jẹ́ kó kọ́kọ́ jí."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni!"

"O ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pọn irin wá bá mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní pa ọ́."

Bàbá kò gbọ́ ohun kan. Ó kàn ń wo ẹnu àwọn méjèèjì, ó wo ọmọ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó wo aṣọ àlùkò tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dìde. Ó tú kókó tí ọmọ rẹ̀ kò lè tú, ó gba kọ̀ǹpútà kúrò nínú aṣọ náà, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó gbọn aṣọ náà nígbà mẹ́ta. Ó ká a bí obìnrin kan ti máa ń ká a ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ọ̀já méjèèjì sínú.

Iná tàn lójú kọ̀ǹpútà.

"Ó jí," ni Haewon wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ìkókó. Màá fẹ́ ọ."

Bàbá ti dé iwájú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ náà lé e lórí itan, ó sì fi ohùn òkè tí kò mọ̀ pé ó ròkè sọ̀rọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, gbogbo àdúgbò sì gbọ́:

"Má fi pọn irin mọ́."